Nọ́ńbà Mẹ́rìnlá Nínú Fọ́tò

Olùkọ́ ìtàn náà kì í ṣàdédé gbé fọ́tò àtijọ́ sórí Fesibúùkù. Yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí orí olúkúlùkù tó wà nínú rẹ̀, yóò wá ní kí ẹni tó bá dá wọn mọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì kò bá sọ ohun kan náà, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ òfin yìí bí ẹni mowó.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan fọ́tò kíláàsì àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọdún tí wọ́n yà á sókè fọ́tò, òun náà ló sì kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà mẹ́rìnlá pé: "Ìyá mi, akẹ́kọ̀ọ́." Kò bi ẹnikẹ́ni. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wà ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọmọ tó ń pọnmi fún wa nìyẹn. Àyè ṣófo ló jẹ́ kí ẹni tó ń ya fọ́tò pè é wá dúró." Kò pẹ́ tí ẹni tó wà ní nọ́ńbà méjì pẹ̀lú fi sọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ lè pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́. Ìka rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó mú fóònù, ó tọ ìyá rẹ̀ lọ ní yàrá, níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn?"

"Ṣé n kò sí nínú fọ́tò ni?"

"Ẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní omi lẹ ń pọn."

Ìyá ká aṣọ méjì sí i. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì."

"Èyí tí ikun ò gbẹ nímú rẹ̀ rí! Òun náà ti wá dẹni tó ń tẹ fóònù."

"Ṣé irọ́ ló pa ni?"

Ìyá jókòó. "Kò purọ́. Ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà. Bó o bá yí i padà, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ará àdúgbò?"

"Bí n kò bá yí i padà ńkọ́, ojú wo ni n ó fi wo kíláàsì mi?"

"Wàhálà rẹ ti pọ̀ jù. Yí i padà."

Ó pa "akẹ́kọ̀ọ́" rẹ́, ó kọ pé: "Ó ń pọnmi fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ojú fèrèsé ló ti kọ́ ìwé kíkà." Ìyá gba fóònù, ó wá awò ojú rẹ̀, ó kà á látòkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ọdún tó o kọ sókè yìí kò tọ̀nà," ó ní. "Ṣé o ò rí kànga lẹ́yìn wa ni? Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, odò ni mo ń lọ."

Olùkọ́ na ọwọ́ láti gba fóònù. Ìyá kò tíì fẹ́ gbé e sílẹ̀.