Orúnkún Ọ̀gá Olè Ojú Òkun

"Kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́," Bàbá Jùbrílù sọ fún Túbọ̀sún. "Ibi tí àwọn olè ojú òkun ti dé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Túbọ̀sún ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ni, èèpo rẹ̀ pupa, orúkọ Túbọ̀sún ló sì wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ìwé kejì wà lórí ẹní, òun náà pẹlẹbẹ, èèpo rẹ̀ funfun, orúkọ tó wà níwájú tirẹ̀ sì ni Herbert Olújìmí. Ọ̀rọ̀ inú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra, àfi ibi tí atẹ̀wé ti ṣàṣìṣe nínú èyí tó pupa.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, lọ́dún 1948, ní agboolé Ìyá Sàró ní Òwu, l'Abẹ́òkúta. Àwọn tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹbí ti dé, Bàbá Jùbrílù, olórí ẹbí, náà ti kírun tán. Tísà Herbert Olújìmí jókòó lẹ́bàá ògiri, agboòrùn rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì níléèwé, ìwé funfun yìí nìkan ló kù tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n láàárín ìlú. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní Kánò, èkejì wà l'Ékòó. Bí Kérésì bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́tà wọn a dé. Ìyàwó rẹ̀, Harriet, ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ń bi í léèrè nínú ilé mọ́ pé ó ti jẹun àbí kò tíì jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá nígbà tó rí ìwé pupa náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ó rà á, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kà á. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà tó máa fi gbójú sókè, ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ ti lọ.

Túbọ̀sún ha ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Nígbà tí àwọn olè ojú òkun kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ náà tán, ọ̀gá wọn jókòó, ó ń kérora. Ó pe Ìyá Sàró, tí í ṣe ọmọdébìnrin nígbà náà, ó ní kó wá fi àdí ra orúnkún ọ̀tún òun, nítorí bí òjò bá ti ṣú, orúnkún náà kì í jẹ́ kí òun gbádùn. Ọmọ náà rà á títí ọ̀gá olè fi sùn lọ. Nígbà tó jí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà. Báyìí ni wọ́n fi í sílẹ̀ láìfarapa, títí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dé, tó gba òun àti àwọn ẹrú yòókù, tó kó wọn lọ sí Sàró.'"

Gbogbo ilé ń mirí. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí olè ojú òkun ti rí àdí.

"Túbọ̀sún," Tísà sọ, "ìwé mi lo dà kọ. O kàn pa orúkọ mi rẹ́, o fi tìẹ sí i ni."

Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀. Akọ̀wé ni, ọmọ ọmọ ìbátan Tísà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò jí nǹkan kan. Ìtàn ìyá wa ni. Ìyá tó bí bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Ta ló wá ni ìtàn ẹbí tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," Bàbá Jùbrílù sọ. Ó yíjú sí Tísà. "Bí nǹkan kan bá wà nínú ìwé yìí tó jẹ́ tìrẹ nìkan, tí kì í ṣe ti gbogbo wa, fi hàn wá. Bí o bá ti fi hàn, Túbọ̀sún á kó tirẹ̀ kúrò lọ́jà, á sì tọrọ àforíjì. Bí kò bá sí, ìtàn ẹbí ni. Kí ó máa tà á lọ."

Ó wà. Ohun tó ń da Tísà láàmú láti Láfẹ́nwá nìyẹn.

Ìyá Sàró, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, kò sọ ìtàn náà jù gbólóhùn mẹ́ta lọ: wọ́n tà wá l'Ékòó, wọ́n kó wa sínú ọkọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, á so gèlè rẹ̀ le, á wọ ilé ìdáná lọ. Ohun tí Tísà sì kọ nìyẹn nígbà tí Harriet wà lórí àìsàn, tí kò lè dìde mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló máa ń kà á fún un.

"Ó kúrú jù," Harriet sọ lọ́jọ́ kan. "Òkun tó fẹ̀ tó yẹn, ṣé kò sí olè níbẹ̀ ni?"

Tísà ti ka ìtàn àwọn olè ojú òkun rí nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó bá fi wọ́n kún un. Harriet gbádùn wọn. "Kí ló ń ṣe ọ̀gá wọn?" ó béèrè.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Olè ni."

"Kò sí ẹni tí nǹkan kan kì í ṣe. Ẹ fún un ní orúnkún mi."

Àdí ló wà lọ́wọ́ Tísà bí wọ́n ti ń sọ ọ́, orúnkún òsì Harriet ló ń rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúnkún òsì ni. Nígbà tí Harriet kú, tó fẹ́ tẹ ìwé náà, kò lè yọ ọ́ kúrò. Yíyọ ọ́ dà bí ìgbà tó tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá kọ ọ́ síwájú ìwé pé bí Ìyá Sàró ṣe sọ ọ́ nìyí, òun tó fi ogójì ọdún na ọmọ iléèwé nítorí irọ́, tó ń kọ́ wọn pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Ọjọ́ náà ti pé. Bó bá jẹ́wọ́ irọ́ tirẹ̀, olè Túbọ̀sún á hàn. Láti ilé ló ti pinnu. Ó sàn kí wọ́n pe òun ní òpùrọ́ ju kí wọ́n gba ìwé òun lọ́wọ́ òun.

"Túbọ̀sún, ìyá bàbá ẹ sọ ti orúnkún yẹn fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Orúnkún ọ̀tún. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì."

Ojú rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Tísà mí kanlẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ní kó tún un kà," ohùn kan sọ láti orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Màmá Rèbékà ni, àbíkẹ́yìn Ìyá Sàró, òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́.

"Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ òkun fún mi rí," ó sọ. "Bí mo bá bi í, á wọ ilé ìdáná lọ, ẹkún ló máa ń sun níbẹ̀. Mo gbà pé ohun tí wọ́n fojú ẹ̀ rí nínú ọkọ̀ yẹn ò ṣeé sọ ni. Kékeré ni mo ti ń rò ó, mo rò ó dàgbà. Àfìgbà tí wọ́n ka ìwé yìí fún mi. Mo wá mọ̀ pé ẹnì kan ṣàánú ẹ̀. Ara wá tù mí."

Tísà ń wo ọwọ́ arúgbó náà lórí ẹní, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sókè bí ti ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan.

"Tísà, a ń gbọ́," Bàbá Jùbrílù sọ. "Èwo ló jẹ́ tìrẹ níbẹ̀?"

Tísà wo ìwé funfun náà lórí ẹní. Ó dùn ún débi pé ó gbá agboòrùn náà mú bí ẹni pé yóò ṣubú.

"Kò sí, bàbá. Ti gbogbo wa ni."

Túbọ̀sún gbójú sókè. Ẹnu yà á, ó sì tètè sọ orí kọ́.

"Ó parí nìyẹn," Bàbá Jùbrílù sọ. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ìjà."

"Ohun kan ló kù," Tísà sọ. "Bó bá tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kó tún ibì kan ṣe. Orúnkún òsì ni. Kì í ṣe ọ̀tún."

"Ọ̀tún ni wọ́n sọ fún..." Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ojú òun àti ti Tísà pàdé, ó sì gbé e mì.

"Òsì ni," Tísà sọ. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ẹ bá mi tún un ṣe o," Màmá Rèbékà sọ. "Kí ìyá mi má lọ máa ra ibi tí kò dun ẹlẹ́sẹ̀."

Túbọ̀sún yọ pẹ́ńsù lápò, ó fa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó kọ òsì sórí rẹ̀. Tísà dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló kí wọn pé ó dàbọ̀, ó mú agboòrùn rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.