Ọ̀rọ̀ Kan Kí Oòrùn Árafà Tó Wọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì sí Àpòmù, n kò sì fi ìfura sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn nígbà tí mo ń bọ̀. Tí mo bá ra ẹran lọ́jà, mo máa ń tún un wọ̀n nílé. Tí ìmáàmù bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, màá bi í pé kí ló dé. Ìyàwó mi, Sàlámọ̀tù, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A ní, "Bàbá Àbídì, lọ́jọ́ tí ẹ bá dé àlùjánnà, ẹ ó ní kí máláíkà ẹnu ọ̀nà mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá." A sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Sàlámọ̀tù fi ta epo pupa kó tó rí owó Mẹ́kà kó jọ. Nígbà tí ìrìn-àjò náà ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣàkíyèsí pé ó ń lọ sí Ìkirè lemọ́lemọ́. Ó ní ọjà lòun ń lọ, bẹ́ẹ̀ epo tó ń gbé dání kò kún kẹ́ẹ̀gì kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé e.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta fóònù ni mo ti bá a. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Jason, ó kọ ojú fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ̀ mọ́ fóònù ìyàwó mi bí ẹni ń wo ọgbẹ́. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ohunkóhun. N kì í fẹ́ràn ẹni tó ń yára rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, Màmá ń gba síìmù tí wọn yóò lò lọ́hùn-ún ni," ló wí. "Laìnì wa tibí, tó bá ti kọjá bọ́dà, ìkíni lásán ló máa gbé gbogbo káàdì inú rẹ̀ mì. Èyí kò wọ́n rárá. Bí ìgbà tí wọ́n ń pè yín láti Wásinmi ló máa rí."

Mo ní, "Ta ló ni síìmù ọ̀hún?"

"Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ni, sà."

"Kí ni wọ́n máa rí jẹ níbẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Kì í ṣe ọ̀fẹ́, sà. Kò kàn wọ́n ni."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Sàlámọ̀tù lójú rẹ̀ pé bí gbájú-ẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé kó dá síìmù náà padà kíá. Ó wolẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, mo tú báàgì rẹ̀ wò. Ìyẹn náà jẹ́ ara iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Mo rí ìwé kan tí wọ́n ká mẹ́rin nínú àpò ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà gígùn kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàgàrà, wọ́n sì kọ orúkọ Jason sísàlẹ̀. N kò mọ ohun tí nọ́ńbà náà wà fún, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Mo mú ìwé náà, mo fi í sínú fáìlì tí mo máa ń kó ẹ̀rí sí, n kò sì wí nǹkan kan.

Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì kiri. Sàlámọ̀tù ti ṣe tiẹ̀ dáadáa. Ó lọ sí Ìkòyí tó wà nítòsí wa lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ gbogbo ìsọ̀ epo, ó tún bẹ obìnrin kan tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án nítorí okùn kànga. Èmi ló fi ṣe ìkẹyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó wọ aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀ síwájú àga mi.

"Bàbá Àbídì, gbogbo ohun tí mo ṣe tó dùn yín, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Mo wò ó. Mo ń retí kó mẹ́nu ba Jason. Tó bá jẹ́wọ́, màá dárí jì í lójú ẹsẹ̀, mo búra. Kò sọ ọ́.

"Bàbá Àbídì, ẹ sọ ọ́ fún mi. Mi ò lè dúró ní Árafà kí inú yín máà yọ́ sí mi."

Mo ní, "Tí o bá dé, a ó sọ̀rọ̀."

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ̀ tó wá kó wọn ń fun fèrè lójú títì, ààfáà tó ń kó wọn lọ ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni ń wo nǹkan mìíràn.

Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Ààfáà fi fóònù ara rẹ̀ pè mí, ó gbé e fún Sàlámọ̀tù, ìyẹn kí mi, ó ní ooru ibẹ̀ pọ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀ láti lo fóònù náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbóhùn rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Árafà, tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà máa ń dúró tọrọ àforíjì ní pápá Árafà títí oòrùn yóò fi wọ̀, mo gbààwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa tó wà nílé. Mo kírun Àìlà tán, mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nǹkan bí agogo mẹ́ta ni fóònù mi dún. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni fóònù tèmi, n kò jẹ́ kí wọ́n ra fóònù ńlá fún mi, torí ẹni tó ń lò ó ti gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún àjèjì. Mo wo nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà London ni.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá Àbídì." Ohùn obìnrin ni. Ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò, ariwo èrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Àbídì."

"Mẹ́kà ni Ìyá Àbídì wà. London lo ti ń pè."

"Árafà ni mo wà. Laìnì yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Àbídì, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ò ní pẹ́ẹ́ wọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu yín kó tó wọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Wọ́n á kọ́kọ́ kó ìkánjú bá ọ, pé ilẹ̀ ń ṣú, pé báńkì fẹ́ tì, wọ́n á sì ní ohun kékeré kan báyìí ni kó o sọ fáwọn. Mo jókòó dáadáa, bí mo ṣe máa ń jókòó síwájú olè.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni ìyàwó mi, dárúkọ mi."

Ariwo èrò nìkan ni mo ń gbọ́.

"Bàbá Àbídì ni yín."

"Gbogbo Àpòmù ló mọ ìyẹn. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni mò ń wí. Pè é."

"Háà! Ṣé èmi ni kí n..."

"Pè é!"

Ó bú sẹ́kún. "Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mí ní nǹkan mìíràn. Ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ bi mí."

"Pè é, tàbí kó o kúrò lórí fóònù mi."

Ó ń sunkún, ó ń sọ pé "Bàbá Àbídì, Bàbá Àbídì," kò sì pe orúkọ náà. Mo ní, "O kò mọ̀ ọ́n." Mo gé ìpè náà, mo sì dí nọ́ńbà náà kó má lè wọlé mọ́. Ká má purọ́, inú mi dùn. Mo pe aládùúgbò mi, Mọ́nsúrù, mo rò fún un bí mo ṣe mú onígbájú-ẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní ọlọ́pàá lọlọ́pàá ń jẹ́.

Ẹni tó ta nọ́ńbà mi fún wọn ló wá kù, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo mú fáìlì mi, ó di Ìkirè.

Jason wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó dìde kó má rẹ́rìn-ín. Mo ka ẹ̀sùn sí i létí. Mo yọ ìwé náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo gbé fóònù mi tì í, mo sì fi nọ́ńbà tó pè mí hàn án.

Ó wo ìwé. Ó wo fóònù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

"Bàbá, nọ́ńbà kan náà ni."

Mo wò ó. Ọ̀kan náà ni lóòótọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N kò tíì fi wọ́n wé ara wọn rí.

"Nọ́ńbà Màmá nìyí, sà. London ni ilé iṣẹ́ tó ni síìmù náà ti ń fún wọn ní nọ́ńbà. Ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí fún. Màmá ní kí n kọ ọ́ gàgàrà kí ẹ lè rí i láìlo awò, wọ́n ní ibi tí wọ́n bá ti ń wọkọ̀ làwọn máa fi í lé yín lọ́wọ́, kí ẹ má bàa rí àyè bínú. Àwọn yòókù, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pe ilé, ẹ̀yin ni fóònù yín kò gbà á. Torí yín ni wọ́n ṣe ra síìmù yẹn. Ọjọ́ méje péré ló ń lò tí wọ́n bá ti tàn án, wọ́n ní ọjọ́ Árafà làwọn máa tàn án."

Ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ gbà. Mo ní, "Mo bi í léèrè orúkọ mi, kò mọ̀ ọ́n."

Jason wò mí títí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó rọra bi mí pé, "Bàbá, ṣé Màmá máa ń pe orúkọ yín nílé ni?"

Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti gbé Sàlámọ̀tù níyàwó. Kò pe orúkọ mi rí, ní ìdùnnú tàbí ní ìjà. Lọ́jọ́ kan ní ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì ní kó sọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ṣe ló fà á lọ́wọ́ wá bá mi kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo mọ gbogbo èyí. Orí òfìfo wo ni mo gbé jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn?

"Pè é," mo ní. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, pè é."

Ó fi fóònù tirẹ̀ pè. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà lórí àdúà. Mo bi í pé aago mélòó ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀. Ó wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó ní nǹkan bí agogo márùn-ún tiwa. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ti lù. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejìlá. Mo jókòó sórí àpótí, oúnjẹ kò kan ẹnu mi láti sààrì, mo ń wo oòrùn Ìkirè tó mọ́lẹ̀ rekete lórí páànù àwọn ará iwájú, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó dá ti ọ̀hún dúró díẹ̀ fún mi. Agogo márùn-ún lù, ó sì kọjá.

Ó kọjá ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Jason.

"Sàlámọ̀tù! Èmi ni. Mo ti foríjì ọ́. Mo yọ́nú sí ọ, tọkàntọkàn. Ṣé o gbọ́?"

Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ àti àwọn tí ń pe èrò wọlé.

"Oòrùn ti wọ̀," ló wí. "A ti ń kúrò ní Árafà."

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Ìwọ ni kó o dárí jì mí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ketekete, bí ẹni tó ń kà á lára wàláà:

"Lùkúmọ̀n Àdìsá, ọmọ Ràímì, ará Àpòmù."

Mo di fóònù náà mú. N kò mọ̀ pé orúkọ mi lè dùn mí báyẹn.

"Ṣé ó ti dá yín lójú wàyí pé èmi ni?"

"Sàlámọ̀tù, jọ̀ọ́, sọ pé o ti dárí jì mí."

Ẹnì kan ń pè é pé ọkọ̀ fẹ́ lọ. Ó dá ẹni náà lóhùn, ó sì padà sórí fóònù.

"Tí mo bá dé," ló wí, "a ó sọ̀rọ̀."