Orúkọ Tó Kù Lára Òkúta Bàbá Mi

"Ewald" nìkan. Ewald, bàbá wa ọ̀wọ́n. Ó tó, àbí? Òkúta náà ò kúkú tóbi. Ta ló máa béèrè èyí tó kù... Gbogbo ìlú ló máa béèrè. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi: Volkmar, ìwọ náà mọ̀.

Oṣù kẹfà rèé tí a sin Bàbá. Ilẹ̀ sàréè ti rọlẹ̀, òkúta ló kù. Köhler tó ń gbẹ́ ẹ ti gbé pẹ́ńsù lé bébà. "Orúkọ ìdílé ńkọ́?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó ná. Rò kí ni? Orúkọ bàbá tó bí mi ni mò ń rò!

Schinder. Lédè wa, ẹni tó ń bó awọ ẹran òkúùgbẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan irú ẹran bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wa lójú ayé mi, síbẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi á dimú. "Schinder, kí lẹ fi se ọbẹ̀ lánàá?" Ó dùn mí wọra. Köhler yìí ńkọ́? Asunèédú ni ìtumọ̀ orúkọ tiẹ̀, èédú làwọn baba ńlá rẹ̀ ń sun nínú igbó, ó sì kọ orúkọ náà gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ta ló ń dimú fún èédú...

Lindner ni mò ń jẹ́ báyìí. Orúkọ ìdílé Annegret ìyàwó mi ni, ó wá láti ara orúkọ igi tí òdòdó rẹ̀ ń ta sánsán. Òfin gbà kí tọkọtaya mú ọ̀kan nínú orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì. Mo sọ fún Bàbá pé Annegret ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Annegret ò béèrè nǹkan kan. Bàbá wolẹ̀... "Ó dáa, ọmọ mi. Ìyẹn rọrùn láti pè." Wọ́n so táì, wọ́n wá síbi ìgbéyàwó, wọ́n jẹ kéèkì. Inú wọn dùn. Mo rò pé inú wọn dùn.

Ìgbà wo ni mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn kẹ́yìn? Lórí fóònù... Orúkọ ìdílé ni gbogbo wa fi ń gbé fóònù níbí. "Schinder!" — bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ké e nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo sì máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lẹ́yìn ìgbéyàwó mi... rárá. "Hẹ́lò?" ni. "Hẹ́lò, ta nìyẹn?" Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko. Mo ní ogbó ló dé. Mo tiẹ̀ sín wọn jẹ fún Annegret, a jọ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Nínú ilé ara wọn, wọ́n ń gbé orúkọ ara wọn mì, kí ojú má baà tì mí tí mo bá pè.

Köhler ṣì ń retí mi. Pẹ́ńsù rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́yìn Ewald. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá fi ń pa orúkọ yẹn rẹ́ nítorí mi kí wọ́n tó kú, èmi ni mo wá jókòó síbí láti bá wọn parí ẹ̀.