Olùdarí Tó Kẹ́yìn

Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá ìpàdé nígbà tí Verna Pascoe fi ìdí ti ilẹ̀kùn, tó gbé àwo kéèkì atalẹ̀ wọlé. Àga mẹ́ta, kọ́ọ̀pù tíì mẹ́ta. Èéfín ṣì ń rú lẹ́nu méjì nínú wọn.

"Neville? Gwenda? Ẹ má fara pamọ́ fún mi o! Orúnkún mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì."

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá ẹja tutù ń mí bí ẹran ńlá tó sùn: á fà á sínú, á dá dúró, á tú u jáde. Ìdádúró náà pẹ́ ju ti àná lọ. Òórùn kan sì wà bí ìtọ̀ ológbò. Verna kọ́kọ́ fura sí ara rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó ti bímọ márùn-ún, àpòòtọ̀ rẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Ó yẹ ara rẹ̀ wò. Ó gbẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Gáàsì olóró inú páìpù ẹ̀rọ náà ni. Lóṣù tó kọjá, oníṣẹ́-ẹ̀rọ ti sọ fún wọn pé páìpù náà máa bẹ́, àti pé lọ́jọ́ tó bá bẹ́, àwọn obìnrin méjìlélógún tó ń họ ẹja níbẹ̀ ò ní ráyè sá. Verna, tó jogún àga ọkọ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ ẹja náà, ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Neville àti Gwenda, olùdarí méjì yòókù, ní rárá, ìgbà ẹja la wà. Ìbò méjì sí ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ fi wà nínú báàgì rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n bá máa pààyàn, kí wọ́n yọ orúkọ tòun kúrò.

Despina akọ̀wé yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ pẹ́ jù, Màmá Verna."

"Kéèkì ló dá mi dúró. Ta ló ń gbé ìròyìn burúkú lọ bá èèyàn lọ́wọ́ òfo nílùú Thevenard yìí?"

"Wọ́n ti lọ. Wọ́n jọ wọlé, wọn ò jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo bu tíì, wọn ò wò ó. Ògiri yẹn ni wọ́n ń wò. Ni wọ́n bá gbé èyí lé mi lọ́wọ́."

Lẹ́tà méjì. Òǹtẹ̀ Despina ti wà lára wọn: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Wọ́n ti fipò sílẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìjọba."

Verna fa tirẹ̀ yọ. "Ó yá, lu òǹtẹ̀ sí tèmi náà."

"Asán ni, Màmá. Lábẹ́ òfin, olùdarí tó kẹ́yìn ò lè fipò sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

"Pe Neville fún mi!"

Despina tẹ nọ́ńbà. Fóònù dún lórí àga Neville, ní ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó Verna. Verna fò sókè bí ọmọge. Wọ́n jọ ń wo fóònù náà títí tó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ fa èémí sínú. Ó dá dúró. Ó pẹ́. Àwọn obìnrin méjèèjì náà ò mí, àfi ìgbà tó tú u jáde.

"Despina ọmọ mi, èèyàn mélòó ló lè ṣe ìpàdé?"

"Bó bá ku ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni. Ẹ kàn máa kọ ìpinnu yín sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i."

Verna jókòó. "Mo ṣí ìpàdé. Àbá mi ni pé ká pa ẹ̀rọ yẹn, kí gbogbo èèyàn jáde. Ta ló fara mọ́ ọn?" Ó na ọwọ́ ara rẹ̀ sókè. "Ta ni kò fara mọ́ ọn?" Ó yíjú sí àga méjèèjì, ó sì dúró díẹ̀, bíi pé nǹkan kan lè dáhùn. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i.

Despina pa ẹ̀rọ, ó sì fa agogo pàjáwìrì. Àwọn obìnrin tú jáde nínú bàtà òjò funfun, ìpẹ́ ẹja ń dán lápá wọn. Koula, ọ̀gá wọn, ló kẹ́yìn, tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Verna, ṣé orí ẹ pé? Ẹja á bàjẹ́! Ta ló ní ká jáde?"

"Èmi ni."

"Ìwọ àti ta ni?"

Verna wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi nìkan. Máa lọ síta, Koula. Má wẹ̀yìn."