Mẹ́tàlélógún Ni Mo Kà

Ilé ìwé ló kọ́kọ́ ba ọmọ yìí jẹ́. Ẹ má bínú sí mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi gba ẹ̀bùn ìwà rere lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, torí pé ohunkóhun tí wọ́n bá wí, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Bẹ́ẹ̀ni mà." Bí tíṣà bá ní ẹ̀ẹ̀mejì méjì jẹ́ márùn-ún, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún fi rúlà fa ìlà sí i nídìí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, kò lówó ṣùgbọ́n ó lẹ́nu, ó sì máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ tèmi kì í bá àgbà jiyàn. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó."

Ó jáde ìwé tán, ó wá jókòó sílé fún ọdún kan ààbọ̀. Kò síbi tí kò wáṣẹ́ dé. "Iṣẹ́ wo lo ti ṣe rí?" ni gbogbo wọn ń bi í. Ẹ gbọ́ mi, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò gbà síṣẹ́ rí, ibo ni kó ti ṣe é rí? Àfi ìgbà tí ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, àwọn á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn níṣẹ́. Bí ọ̀gá ẹni bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ó dàbọ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń fọ irin iṣẹ́ àwọn dókítà ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an ló wà, fèrèsé kékeré kan ló là wọ́n láàárín, ibẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ti tírè tó kó irin iṣẹ́ wọlé. Síǹkì méjì wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn kan, àti ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ooru pa kòkòrò, tó ń mí fùù, fùù, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Obìnrin tó ni yàrá náà, Ìyá Onírin ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀. Dókítà pàápàá kì í wọlé tọ̀ ọ́ láìkan ilẹ̀kùn.

"Gbọ́ dáadáa," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Irin mẹ́rìnlélógún ló ń lọ síbi iṣẹ́ abẹ, mẹ́rìnlélógún ló gbọ́dọ̀ padà wá. Èmi á kà á, màá kọ ọ́ sí káàdì tèmi, màá dojú ẹ̀ délẹ̀. Ìwọ náà á kà á, wàá kọ ọ́ sí tìrẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Dókítà kì í rán ikùn aláìsàn pa títí káàdì méjèèjì á fi dé ọwọ́ ẹ̀. Ṣó yé ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ni mà."

Kí ọjọ́ méjì tó pé, Bẹ́ẹ̀nimà ti di orúkọ ẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ò nira fún un. Ó mọ irin fọ̀, ó mọ̀ ọ́n dì, kò pẹ́ lẹ́yìn rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Onírin ka tírè kan tán, ó dojú káàdì délẹ̀, ó wá na ara rẹ̀. "Mẹ́rìnlélógún, ó pé pérépéré," ló wí, bí ẹni tó gbàgbé pé kò yẹ kóun sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀nimà ka tiẹ̀, ó rí mẹ́tàlélógún. Ó tún un kà, mẹ́tàlélógún náà ni. Ó wò ó pé ojú òun ló ní láti ṣì í, ó sì kọ mẹ́rìnlélógún.

Ìyá Onírin ki ọwọ́ bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó yọ ẹ̀mú kan síta, ó gbé e lé orí tábìlì. Ọmọ náà wò ó. Ojú tì í gan-an.

"Mélòó lo kà?"

"Mẹ́... mẹ́tàlélógún, mà."

"Mélòó lo kọ?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo káàdì rẹ̀.

"Èmi ni mo ni nọ́ńbà tí o kọ. Tìrẹ dà? Orí méjì ni wọ́n ń sanwó fún nínú yàrá yìí. Bó o bá ń fi tèmi ronú, orí kan ló wà níbí. Ẹ̀ẹ̀kan nìyí o. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ilé yá."

Ó sunkún délé. Ó rò pé bàbá òun á gbèjà òun, ṣùgbọ́n nígbà tó ròyìn ọ̀rọ̀ náà tán, ìbéèrè ni bàbá fi dá a lóhùn.

"Ṣó o rántí àga tó wó lábẹ́ onílé wa lọ́jọ́sí?"

Ta ni ò rántí? Onílé fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì, ife tíì dà sí i láyà, owó ilé sì lé sí i ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

"Ọmọ iṣẹ́ mi ti rí i pé ẹsẹ̀ kan kúrú. Mo ní, kí ló dé tó ò sọ? Ó ní òun ò fẹ́ tàbùkù mi." Bàbá họ orí. "Àbùkù wo ló tún ju èyí lọ? Èmi ni mo kọ́ ẹ, mi ò sì kọ́ ẹ tán. Ọ̀wọ̀ kọ́ ni kéèyàn rí kòtò níwájú àgbà kó sì máa kí i pé ẹ kú ìrìn."

Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yìí sọ bíbá àgbà jiyàn di ohun tó ń kọ́. Ní àárọ̀, kó tó jáde, á bu ìṣó sínú abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, á kà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin á gbé awò ojú ìyá wọn wọ̀, á fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, á di Ìyá Onírin.

"Mo ní ọgbọ̀n ni! Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo kà."

"Ohùn ẹ ò jáde! Ṣé eku ló ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo kà, mà!"

Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ku òun nìkan lójú ọ̀nà, ó ṣì ń wí i, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, àwọn tó ń kọjá rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn pé. Láti àárọ̀ ni iṣẹ́ abẹ ò ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí tírè kẹrin wọlé, ẹsẹ̀ Ìyá Onírin ti wú. Obìnrin kan ló wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ tán. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, káàdì! Dókítà ti mú abẹ́rẹ́ dání."

Ìyá Onírin kà, ó kọ, ó dojú ẹ̀ délẹ̀. "Ó pé. Ṣe kíá."

Bẹ́ẹ̀nimà kà. Mẹ́tàlélógún. Ó tún kà á. Mẹ́tàlélógún. Ó yọ́ ojú wo àpò épírọ́ọ̀nù, bóyá ìdánwò ni. Àpò náà tẹ́ pẹrẹsẹ, fọ́ọ̀mù rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, etí funfun rẹ̀ yọ síta. Yéè! Ìdánwò ì bá sàn. Fọ́ọ̀mù tó ti ń retí láti ọdún kan ààbọ̀ ló wà lápò ẹni tó fẹ́ já nírọ́ yìí. Síbẹ̀, ó kọ mẹ́tàlélógún.

Wọ́n ṣí káàdì.

"Kí lèyí?" Ohùn Ìyá Onírin le. "Kì í ṣe ìdánwò lónìí o. Wọn ò tíì bí ẹ tí mo ti ń ka irin wọ̀nyí. Ṣé ojú mi lo fẹ́ sọ pé ó fọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Mẹ́tàlélógún ni mo kà."

"Ẹ̀yin mà, aláìsàn wà ńlẹ̀ o!" ni nọ́ọ̀sì pariwo.

"Kọ mẹ́rìnlélógún, jẹ́ kó máa lọ!" ni Ìyá Onírin jágbe.

"Rárá, mà."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì yà á lẹ́nu. Kò dúró gbàṣẹ. Ó fa tówẹ̀lì funfun kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká jọ kà á, mà. Ká máa gbé e síbí lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó ń gbé e, ó ń pè é síta: abẹ, àlùmágàjí, ẹ̀mú ńlá, ẹ̀mú kékeré. Ìyá Onírin ń fọwọ́ kan ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń balẹ̀. Nígbà tó pe mẹ́tàlélógún, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú tírè. Síbẹ̀, ọwọ́ àgbàlagbà náà ṣì ń táràrà nínú rẹ̀.

Ìyá Onírin ta gìrì. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré dé ojú fèrèsé. "Sọ fún dókítà kó má rán an! Ó ku ẹ̀mú kan!"

Wọ́n dúró. Ẹ̀rọ ń mí fùù. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ fèrèsé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, omi ti lé sí i lójú.

"A ti rí i. Abẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ló wà, nínú ikùn obìnrin yẹn. Irin ti pé, dókítà ti ń rán an." Ó ti ẹ̀mú náà wọlé, ó sì yára padà.

Bẹ́ẹ̀nimà fara ti síǹkì. Ìyá Onírin jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Láti ọdún tó kọjá ni irin kan ti ń di méjì lójú mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìdí tí mo fi fi ẹ̀mú pamọ́ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti mú wá ṣáájú ẹ. Gbogbo wọn, ohun tí mo bá kọ ni wọ́n ń kọ. Mo lé wọn lọ. Ó yẹ kí n ti sọ fún mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tipẹ́, ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló ń bà mí."

Ó yọ fọ́ọ̀mù, ó yọ báírò, ó tẹríba sórí ìwé náà, ó sún un mọ́jú, ó tún sún un sẹ́yìn. Ó wá gbé báírò náà dání láìkọ nǹkan kan.

"Ibo ni ìlà ẹ̀ wà? Gbé ọwọ́ mi síbẹ̀."

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sórí ìlà. Ìyá Onírin buwọ́ lù ú.

"Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá lọ bá mátírọ́ọ̀nù. Bí n ò bá lọ, kó o dákẹ́, kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣó o gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ni mà" ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rárá, mà," ló wí. "Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká jọ lọ."

Ìyá Onírin dìde. Lẹ́yìn náà, ó fà á mọ́ra, ó ní kó lọ fọ ẹ̀mú yẹn, kó gbé e sí ipò ẹ̀ kó di mẹ́rìnlélógún, kí káàdì méjèèjì lè bára mu.