Ẹ́ńjìnnì Tí Philemon Fi Owú Yàn

Láti ìgbà tí Philemon àti Dominic ti jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà ní Òkìtìpupa ni owú ti ń jẹ Philemon. Wọn ì báà jọ tú ọkọ̀ kan, Dominic ni ọlọ́kọ̀ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì di ọ̀gá, tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, bí oníbàárà bá dé tó ní, "Dominic ńkọ́?", inú Philemon a bàjẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú.

Eré ọkọ̀ ló wá bu epo sí iná náà. Philemon ní Kòrólà àtijọ́ kan, Dominic ní Kámírì. Wọ́n fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì inú wọn, kí wọ́n fi èyí tó lágbára rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa sáré bí àgbọ̀nrín tó gbúròó ọdẹ. Wọ́n jọ lọ sí Èkó, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ méjì wálé. Ọ̀kan jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ó kéré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá. Èkejì jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ó tóbi fàkìà-fakia.

"Mú èyí kékeré," ni Dominic wí. "Iwájú Kòrólà rẹ fúyẹ́, èyí ńlá yóò wúwo jù fún un. Kámírì ló ní àyè rẹ̀."

Lójú Philemon, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ni pé ọ̀gá nínú wọn ni tòun, àjẹkù ni ti Philemon.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni èyí kékeré tọ́ sí?"

"Ọkọ̀ rẹ ló tọ́ sí."

"Èyí ńlá ni mo fẹ́."

Dominic mirí. "Ìwọ lo ni ọkọ̀ rẹ."

Nílé, Aníwúrà ìyàwó Philemon gbé pupuru síwájú rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Bàbá Ìdáraolúwa, Dominic kò jẹ́ tàn yín."

"Ìwọ náà ń gbè é." Philemon fọwọ́ ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn.

Kí ẹ́ńjìnnì ńlá náà tó wọlé, irin ni wọ́n gé, wọ́n sì gbé bátìrì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Dominic bá a ṣe gbogbo rẹ̀ láìṣàròyé, èyí sì tún dun Philemon ju bí ẹni pé ó bá a jà lọ. Èyí kékeré ni Dominic fi sínú Kámírì tirẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì sí ọ̀nà Òde-Ìrèlè. Ibi tí ọ̀nà ti tọ́, Kòrólà fò kọjá Kámírì, Philemon ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Nígbà tó kan kọ́nà, ó yí ọwọ́ ọkọ̀, iwájú kọ̀, kò yí. Inú koríko lẹ́bàá oko ọ̀pẹ ló bá ara rẹ̀, tí èéfín ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kámírì wọ kọ́nà náà wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó tó ṣẹ́rí padà.

"Ṣé nǹkan kan kò ṣe ọ́?" Dominic ń sáré bọ̀.

Ọpẹ́ ló yẹ kí Philemon dú. "Inú rẹ ti dùn báyìí," ló wí.

Dominic jókòó sínú koríko. "Inú mi kò dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ò ń jowú mi. Mo rò pé bí mo bá jẹ́ kí o mú èyí tó wù ọ́, yóò tán."

Philemon dìde, ó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń rú èéfín.

Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà láàárín ara wọn. Kòrólà wá ń yí kọ́nà bí ejò. Ṣùgbọ́n Dominic fi sípíríìnì líle sábẹ́ Kámírì, ó fi rédíétọ̀ ńlá sí i, ohùn púlọ́ọ̀gì mẹ́fà sì gba oríta kan. Àwọn ọlọ́kadà pé lé e lórí, wọ́n ń yìn ín. Philemon ń bá wọn pàtẹ́wọ́, àyà rẹ̀ sì ń ta á.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé e mì. Ó rìn lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Dominic, owú rẹ tún ń jẹ mí o."

Dominic rẹ́rìn-ín, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Wá wà á, kí o mọ bó ṣe rí."

Philemon gbà á.