Ibi Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Orin

Màmá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì jókòó, ó ní, "Wọ́n ti ba orin Jẹ́jẹ́ jẹ́." Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ilé ìfọṣọ ńlá ni Màmá Kékeré ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Ara ẹ̀rọ ni ooru ibẹ̀ ti ń wá, òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ tí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó sì máa ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ délé. Aṣọ ibùsùn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ẹni méjì ni yóò di igun rẹ̀ mú, wọn á fà á kó tẹ́, wọn á rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ á fi kan ọwọ́, wọn á tún padà sẹ́yìn. Ẹni méjì tí kò gbọ́ra wọn yé kò lè ṣe é. Màmá Kékeré àti Jẹ́jẹ́ ló jọ ń ká tiwọn. Obìnrin tí kì í sáré, tí kì í pariwo, ni Jẹ́jẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Orin kan wà tí rédíò ojú fèrèsé máa ń kọ ní òwúrọ̀. Orin rọ́ọ̀kì ni. Gìtá rẹ̀ ń ké bí ayùn tó kan ìṣó, ọkùnrin tó ń kọ ọ́ sì ń pariwo bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Orin ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn ni. Egungun rẹ̀ kò dá, kò sì ṣe ọ̀lẹ. Ọkàn rẹ̀ ló wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Ó ń bẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó kan ilẹ̀. Ibi kan wá wà láàárín orin náà tí gìtá á dákẹ́, tí ìlù á dákẹ́, tó jẹ́ pé èémí ọkùnrin náà nìkan lẹ óò máa gbọ́, bí ẹni tó ru ẹrù gòkè. Á sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má tíì pè mí, mò ń bọ̀." Á tún dákẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá rò pé rédíò ti kú ni ìlù á tó bú jáde, tí á sì ké pé ẹsẹ̀ kan ti kanlẹ̀.

Oníkálukú ló ní ohun tí orin náà ń sọ fún un. Awakọ̀ tó ń kó aṣọ wá láti ilé ìwòsàn ní, "Ìyàwó ló lé e síta. Mo mọ ohùn ọkùnrin tí ìyàwó lé."

Ìyá Alábàwọ́n, ìyá àgbà tí wọ́n máa ń kó gbogbo aṣọ tó lábàwọ́n fún, dá a lóhùn láti ibi tó ti ń rẹ aṣọ. "Wọ́n lé e síta, ó sì wà lórí ibùsùn? Ṣé ìta ni ibùsùn wà nílé tìẹ ni? Orúnkún ló ń dùn ún. Kó wá gba òróró lọ́wọ́ mi."

"Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òróró, kí ló ń mú yín tiro?"

"Torí kí n má baà yára bá ẹ ni. Tí mo bá yára bá ẹ, ìyá ẹ ò ní dá ẹ mọ̀ mọ́."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ kì í sọ tirẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọjọ́ kan ló sọ ọ́ fún Màmá Kékeré, nígbà tí wọ́n jọ ń jẹun lẹ́yìn ilé. Ó ní ìgbà kan wà tí òun dùbúlẹ̀ tí òun kò lè dìde. Èèyàn òun kankan kò kú, ọkọ kò kọ òun sílẹ̀, àìsàn kan kò sì ṣe òun tí dókítà lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Àwọn ẹbí ń wá, wọ́n ń gbani níyànjú, wọ́n ń ní kí òun wo ọmọ òun, wọ́n ń ní kí òun gbàdúrà, wọ́n ń ní ọ̀lẹ ni. Ọjọ́ kan ni orin yìí gba ojú fèrèsé aládùúgbò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ìgbà tó dákẹ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti dé ibi tí mo wà rí. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló dákẹ́."

Láti ìgbà náà, orin yẹn ló fi ń dìde. Bó bá jí, á kọ ọ́ nínú ara rẹ̀. Tó bá dé ibi ìdákẹ́jẹ́ náà, á jókòó sétí ibùsùn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún un. Lẹ́yìn náà, á sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀. Níbi iṣẹ́ pàápàá, tí rédíò bá dé ibẹ̀, òun àti Màmá Kékeré á di aṣọ náà mú láàárín ara wọn, wọn á dúró, aṣọ á sì máa mì díẹ̀díẹ̀ nínú ooru.

Ọ̀gá tuntun wá dé. "Ẹ̀yin èèyàn mi" ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Èèyàn Mi. Ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa ń yá tí orin yẹn bá ń lọ. Ó ní kí wọ́n gbé rédíò kúrò, ó so sípíkà mọ́ ògiri, ó sì ń fi orin náà lé wọn bí ẹṣin nígbàkígbà tí aṣọ bá pọ̀.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, orin dé ibi tó yẹ kó dákẹ́. Jẹ́jẹ́ dúró. Orin kò dákẹ́. Ìlù bú jáde lójijì, ẹsẹ̀ kan ti kanlẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti kanlẹ̀, láìsí èémí, láìsí "ẹ má tíì pè mí." Màmá Kékeré ti gbéra, Jẹ́jẹ́ kò kúrò lójú kan, aṣọ funfun náà já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ti gé e," Jẹ́jẹ́ ní.

Ó tọ ọ̀gá lọ ní ọ́fíìsì. Màmá Kékeré tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, orin yẹn ò pé."

"Àǹtí mi, ó pé. Ibi tí ò wúlò ni mo ní kí wọ́n yọ. Gbogbo yín lẹ máa ń dúró níbẹ̀."

"Ibẹ̀ gan-an ni orin náà wà, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Orin ìjàkadì ni, àǹtí mi. Ká jà, ká borí. Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń mí?"

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kò sí níbi ìjà ló ń sọ bí ìjà ṣe rí. Wọ́n gba ẹkún lójú ẹlẹ́kún, wọ́n fi ń fọṣọ, wọ́n tún ní ibi tó korò nínú ẹkún náà kò wúlò.

Orin tí wọ́n gé náà ń lọ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò ya irun rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún Màmá Kékeré pé bí òun bá jí, tí òun ń wá ibi ìdákẹ́jẹ́ náà nínú ara òun, ìlù ọ̀gá ló ń já wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti wọ yàrá mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan mi ò ní dìde."

Ẹnu Awakọ̀ kò ní ìdérí. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn níbi tó ti ń já aṣọ, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ti fìgbà kan dùbúlẹ̀. Dípò kí ọ̀gá káàánú, ojú rẹ̀ là. Ó ránṣẹ́ pè é, ó ní àwọn onílé ìtura tó ń gbéṣẹ́ fún wọn ń bọ̀ wá wo ilé ìfọṣọ. Kó dúró níwájú wọn, kó sọ bí orin àti iṣẹ́ ṣe gbé òun dìde.

"Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí orin náà pé láti òní lọ, màá sọ ọ́," Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Ṣé ohun tó ń dùn yín náà nìyẹn? Mo ti gbà. Á pé."

Ìyá Alábàwọ́n gbọ́, ó mi orí. "Ọmọ mi, ìlérí ẹni tó ń wo aago lójú ẹni kì í ṣe ìlérí."

Àwọn àlejò dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń fo omi. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ. Ó ti ya irun rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, orin tó ń gbé wa ró rèé," ó sì tan sípíkà. Gìtá ké. Ọkùnrin náà bẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń retí. Ìlù bú jáde ní tààràtà, orin parí, obìnrin kan nínú àwọn àlejò sì pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ gbà pé á pé," Jẹ́jẹ́ ní.

Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. "Kò sí àyè ni, àǹtí mi. Ẹ sọ tiyín."

Jẹ́jẹ́ yíjú sí àwọn àlejò. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ kú àbọ̀. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe dìde. Mo jókòó pẹ́ kí n tó dìde. Ọkùnrin inú orin yìí jókòó tì mí. Ibi tá a jókòó sí ni wọ́n gé dànù yẹn, torí pé ó ń dá iṣẹ́ dúró. Ohun tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ sí, ẹni tí kò ṣubú rí ló ń pariwo pé òun dìde."

Awakọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gbé e sórí tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀.

"Tó o bá jáde báyìí, má padà wá o," ni ọ̀gá wí. "Ẹ" àti "àǹtí mi" ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ pé obìnrin yìí ò sáré rí láyé ẹ̀?" Ìyá Alábàwọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀."

Màmá Kékeré di igun aṣọ méjì mú, igun méjì yòókù wà nílẹ̀. Ó pe Jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́jẹ́ gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó jáde sí ìta gbangba, ó ń rìn bó ṣe máa ń rìn, kò sì wẹ̀yìn.